Ìwé ìlera ajá lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà: báwo lẹ ṣe ń tò ó?

AjáMéjì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ajá méjì ló wà lọ́wọ́ mi: Bingo tó pé ọdún 6, àti Lucky tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù 4. Ìwé wọn fọ́n káàkiri. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, rìsíìtì wà, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà, X-ray kan wà tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, fọ́tò tí kò lórúkọ sì kún inú fóònù. Mo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sójú kan, kó jẹ́ pé dókítà tí kò rí àwọn ajá yìí rí lè ṣí i, kó sì yé e kíákíá.

Ṣé áàpù ni kí n lò ni, àbí fóldà àti spreadsheet lásán tó? Kí ló yẹ kí n kọ sílẹ̀ gan-an? Báwo ni mo ṣe máa sọ fáìlì lórúkọ tí kò fi ní dàrú bó bá pẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi dáadáa, mi ò fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Atòwé:

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ fáìlì, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń wọ́. Déètì ni kó ṣáájú: ọdún, oṣù, ọjọ́, bíi 2025-03-14. Bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí, fóònù àti kọ̀ǹpútà á to àwọn fáìlì náà bí ọjọ́ ṣe tẹ̀lé ara wọn, ẹ ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí ẹ bá fi ọjọ́ ṣáájú, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù yòówù kó jẹ́, á kóra jọ sójú kan. Èyí tó burú jù ni 03/04/2025. Ẹnì kan á kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, ẹlòmíì á ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni. Abẹ́rẹ́ ọmọ ajá, ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ka àárín rẹ̀, àṣìṣe oṣù kan sì lè ba ètò náà jẹ́ pátápátá.

Lẹ́yìn déètì, ẹ kọ orúkọ ajá, irú ìwé tó jẹ́, àti ọ̀rọ̀ kan tó máa rán yín létí:

2025-03-14_Lucky_ajesara_DHPP-2.pdf
2025-03-14_Lucky_risiiti.pdf
2025-06-02_Bingo_ayewo-eje_kindinrin.pdf

DHPP ni abẹ́rẹ́ àpapọ̀ tó ń dènà àwọn àrùn ajá bíi distemper àti parvo, 2 yẹn sì ni ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀. Ẹ rí i pé kò sí àmì ohùn lórí orúkọ wọ̀nyí. Mo fẹ́ràn àmì ohùn, ibikíbi tí mo bá ń kọ Yorùbá ni mo ti ń fi í sí i, àmọ́ ẹ yọ ọ́ kúrò lórí orúkọ fáìlì. Lẹ́tà bíi ẹ̀ àti ọ̀, ó ju ọ̀nà kan lọ tí ẹ̀rọ lè gbà tọ́jú wọn sínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bákan náà ni wọ́n rí lójú. Ẹ lè tẹ «ẹ̀jẹ̀» sínú àpótí ìwárí lórí kọ̀ǹpútà, kí fáìlì tí ẹ fi fóònù sọ lórúkọ má jáde, kó sì jẹ́ pé ó wà níbẹ̀.

Déètì tí ẹ máa lò ni ti ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ scan rẹ̀. Èsì ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ni. Fóldà kan fún ajá kan, kí márùn-ún wà nínú rẹ̀: ìdánimọ̀, àjẹsára, àyẹ̀wò, ìtọ́jú, àwòrán. Ẹ má ṣe é ní ọdún-ọdún, torí àìsàn kan lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá kó sì parí ní oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, ibi méjì lẹ ó wá máa wá ìtàn kan ṣoṣo sí.

Ní ti scan fúnra rẹ̀, fọ́tò lásán kò tó. Google Drive ní bọ́tìnnì tó ń scan ìwé, Notes orí iPhone náà ní in. Wọ́n á gé etí ìwé, wọ́n á tọ́ ọ, wọ́n á sì fi í pamọ́ bíi PDF. Fọ́tò tí iPhone bá yà fúnra rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ HEIC, kì í sì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ló ń ṣí i. Ẹ gbé ìwé náà sórí nǹkan tó dúdú, nítòsí fèrèsé, kí ẹ sì pa fláàṣì. Sítíkà tí wọ́n bó lára ìgò abẹ́rẹ́ lẹ̀ mọ́ káàdì máa ń dán, fláàṣì á sọ àárín rẹ̀ di funfun, nọ́ńbà batch (èyí tó ń sọ ìpín tí ilé iṣẹ́ ṣe abẹ́rẹ́ náà mọ́) tó ṣe pàtàkì jù á sì pòórá. Bí ẹ bá scan tán, ẹ fi ìka méjì fa àwòrán náà gbòòrò, kí ẹ ka nọ́ńbà batch sókè. Bí ẹ kò bá lè mọ 8 yàtọ̀ sí B, ẹ tún un yà.

Rìsíìtì tó ń dán, tó rọ̀, tí kò sí yíǹkì lórí rẹ̀, ooru ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Èsì àyẹ̀wò mìíràn náà máa ń jáde lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Oòrùn àti ooru á pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ títí yóò fi di funfun. Ọjọ́ tí wọ́n bá fún yín ni kí ẹ scan rẹ̀.

OníKẹ́nẹ́lì:

Ọ̀rọ̀ Atòwé dára, àmọ́ fóldà márùn-ún pọ̀ jù fún ajá méjì. Bí orúkọ fáìlì bá ti gún, fóldà kan fún ajá kan tó, àpótí ìwárí á ṣe ìyókù. Orí spreadsheet ni kí ẹ ti lo agbára yín, torí pé fáìlì kò lè sọ fún yín pé abẹ́rẹ́ kan ti kọjá àkókò.

Ìlà kan fún ohun kan. Bí Lucky bá gba DHPP tó sì mu oògùn aràn lọ́jọ́ kan náà, ìlà méjì ni. Bí ẹ bá kó wọn pọ̀ sójú kan, ẹ ò ní lè yọ oògùn aràn nìkan jáde wò mọ́. Òpó tí ẹ nílò nìyí: déètì, ajá, ìwọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ náà ní kg, ohun tí wọ́n ṣe, orúkọ oògùn tàbí abẹ́rẹ́, iye tí wọ́n lò, batch, ọjọ́ tó kàn, ẹni tó ṣe é, àti líǹkì fáìlì. Ẹ má fojú kéré òpó líǹkì. Ohun tí ẹ fọwọ́ tẹ̀ lè ní àṣìṣe, ìwé tí wọ́n scan ni ẹ̀rí.

Ọjọ́ tó kàn, ẹ lè fi fọ́múlà ṣe é: =EDATE(A2,12) fún oṣù 12 síwájú, =A2+21 fún ọjọ́ 21. Àmọ́ bí dókítà bá kọ ọjọ́ mìíràn sórí káàdì, ti káàdì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Nínú Google Sheets, ẹ lọ sí Format, Conditional formatting, ẹ mú «Date is before», lẹ́yìn náà «today», kí ẹ fi àwọ̀ pupa sí i. Èyí tó bá ti kọjá á máa pọ́n fúnra rẹ̀.

Nọ́ńbà microchip wàyí, ìyẹn ṣíìpù kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ajá láti dá a mọ̀. Dígíìtì 15 ni èyí tó bá ìlànà àgbáyé ISO mu. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sínú spreadsheet láìṣe nǹkan kan, Excel á sọ ọ́ di nǹkan bíi 9.85E+14. Òmíràn tún wà. Dígíìtì mẹ́ta àkọ́kọ́ lè jẹ́ nọ́ńbà orílẹ̀-èdè, àwọn kan sì fi òdo bẹ̀rẹ̀: Bẹ́ljíọ̀mù jẹ́ 056, Austria 040. Spreadsheet á jẹ òdo náà mì, ẹ ó ku dígíìtì 14, ẹni tó bá sì tẹ̀ ẹ́ sínú ibi ìforúkọsílẹ̀ kò ní rí ajá yín. Kí ẹ TÓ tẹ nọ́ńbà náà, ẹ yí òpó yẹn sí Plain text, tàbí kí ẹ fi àmì ' ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá yí i lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ tán, òdo tó ti lọ kò ní padà. Lẹ́yìn náà ẹ ka dígíìtì náà, kó pé 15.

Kí ẹ sì mọ̀ pé nọ́ńbà nìkan ló wà nínú ṣíìpù. Kò ní bátìrì, kò lè sọ ibi tí ajá wà, kò mọ abẹ́rẹ́ tó gbà. Nọ́ńbà fóònù yín wà lọ́dọ̀ ibi ìforúkọsílẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì máa lọ yí i padà bí ẹ bá pààrọ̀ láìnì. Ẹ fi ìlà kan sí spreadsheet fún un: ibi tí wọ́n forúkọ ṣíìpù sílẹ̀ sí, àti ọjọ́ tí ẹ wo nọ́ńbà ibẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ẹ ní kí dókítà fi ẹ̀rọ kà á, kí ẹ bá ti inú ìwé yín wé. Ṣíìpù lè rìn kúrò láàárín èjìká lọ sí apá, nítorí náà kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà káàkiri ara rẹ̀.

Ìwọ̀n ajá, ẹ fún un ní abala tirẹ̀. Ọmọ ajá bíi Lucky, ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, Bingo, oṣù-oṣù. Ẹ gbé ajá, ẹ gun òṣùwọ̀n, kí ẹ yọ ìwọ̀n ti yín kúrò. Òṣùwọ̀n kan náà ni kí ẹ máa lò. Kg nìkan ni kí ẹ kọ. Ajá 20 kg, 44 ló jẹ́ bí wọ́n bá fi pound kà á. Ẹni tó bá ro 44 yẹn sí kílò á fún un ní oògùn tó ju ìlọ́po méjì lọ.

DókítàẸran:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú dókítà máa ń wá nígbà tí wọ́n bá gbé ajá tí kò mọ̀ rí wọlé.

Àkọ́kọ́, «ó ti gba abẹ́rẹ́» kì í ṣe àkọsílẹ̀. Orúkọ abẹ́rẹ́ ní kíkún, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, batch, ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ọjọ́ tí wọ́n gún un, ọjọ́ tó kàn. Fún Lucky, ẹ kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sókè gedegbe. Abẹ́rẹ́ distemper, parvo àti adenovirus (àwọn tó wà nínú DHPP) máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á sì máa tún un gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, títí ọmọ ajá yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16 ó kéré tán. Ohun tó fà á ni pé ààbò tí ọmọ ajá mu látinú wàrà ìyá rẹ̀ máa ń pa agbára abẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ojú mọ ìgbà tí ààbò yẹn yóò tán lára èyí tàbí ìyẹn. Nítorí náà, «ó ti gba mẹ́ta» kò fọkàn ẹni balẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tó gba èyí tó kẹ́yìn ni a máa ń ṣírò. Ajá tó gba mẹ́ta tán ní ọ̀sẹ̀ 12 ṣì lè kó parvo.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi gba ìṣọ́ra bí ẹ bá lè bá ajá rin ìrìn àjò láéláé. Lábẹ́ òfin European Union, ọjọ́ tí wọ́n fi ṣíìpù sí i kò gbọ́dọ̀ tẹ̀yìn ọjọ́ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ọjọ́ kan náà kò burú. Bí ṣíìpù bá tẹ̀yìn, wọn ò ní ka abẹ́rẹ́ náà sí, torí kò sí ohun tó fi hàn pé ajá yìí gan-an ni wọ́n gún. Ajá gbọ́dọ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 12, ẹ ó sì dúró ọjọ́ 21 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Bí ibi tí ẹ ti ń bọ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ (èyí tó ń wo bí ààbò dìgbòlugi ṣe pọ̀ tó lára ajá), ó kéré tán ọjọ́ 30 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀, èsì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó 0.5 IU/ml. Ìdí nìyẹn tí déètì ṣíìpù fi gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀.

Oògùn ni ibi tí àkọsílẹ̀ ti sábà ń gbọ̀jẹ̀gẹ́. «Ìdajì tábílẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́» kò sọ nǹkan kan, torí oògùn kan náà lè jẹ́ 50 mg tàbí 100 mg. Ẹ kọ orúkọ ohun tó wà nínú oògùn, kì í ṣe orúkọ ara páálí nìkan. Ẹ kọ mg tó wà nínú ẹyọ kan, iye tó ń mu, iye ìgbà, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tó mu ti ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé ọjọ́ ìkẹyìn, bẹ́ẹ̀ òun la máa ń wá. Ajá tó ń mu carprofen fún oríkèé ara tó ń dùn ún, bí wọ́n bá fi prednisolone (oògùn steroid) lé e láìjẹ́ kí ti àkọ́kọ́ kúrò lára rẹ̀, inú rẹ̀ lè di egbò tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá fi ọjọ́ ìkẹyìn hàn mí, mo mọ ohun tí mo lè fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tí oògùn bá ṣe fún ajá, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú wákàtí. «Ojú rẹ̀ wú, wákàtí 2 lẹ́yìn abẹ́rẹ́» wúlò ju «abẹ́rẹ́ yẹn kò bá a lára mu» lọ. Bí ajá yín bá jẹ́ Collie tàbí Australian Shepherd, tí wọ́n sì ti yẹ MDR1 rẹ̀ wò (jíìnì tó ń dènà kí àwọn oògùn kan wọ ọpọlọ), ojú ewé àkọ́kọ́ ni èsì yẹn gbọ́dọ̀ wà, torí ivermectin (oògùn aràn) tó pọ̀, tàbí loperamide (oògùn ìgbẹ́ gbuuru), lè wọ inú ọpọlọ irú ajá tó ní àbùkù yẹn.

Èsì ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ẹ má kọ nọ́ńbà láìkọ òṣùwọ̀n rẹ̀. Creatinine (èyí tí a fi ń wo kíndìnrín) 1.4 mg/dL àti 124 µmol/L, ohun kan náà ni. Glucose (ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀) 90 mg/dL àti 5 mmol/L, ohun kan náà ni. Bí ẹ bá to 1.4 ti ọdún yìí sábẹ́ 124 ti èṣí, ẹ ó rò pé iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀ sí kíndìnrín Bingo. Ẹ kọ ààlà tí ilé àyẹ̀wò náà fi sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà pẹ̀lú, torí ẹ̀rọ yàtọ̀ síra, kí ẹ sì kọ bóyá ajá ti jẹun àti oògùn tó ń mu lọ́wọ́. Prednisolone àti phenobarbital (oògùn gìrì) máa ń gbé ALP, ọ̀kan lára nọ́ńbà tí a fi ń wo ẹ̀dọ̀, sókè, ẹni tí kò mọ̀ pé ó ń mu wọ́n á máa wá àìsàn ẹ̀dọ̀ kiri.

X-ray orí WhatsApp yẹn, ẹ béèrè ojúlówó rẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn náà. DICOM ló ń jẹ́, orúkọ fáìlì rẹ̀ sábà máa ń parí sí .dcm. WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀, ìlà tín-ín-rín tó yẹ kí a fi mọ egungun tó sán á sì pòórá. Bó bá jẹ́ pé WhatsApp nìkan ni ọ̀nà tó wà, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi «document», kì í ṣe bíi fọ́tò.

AjáMéjì:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti yí òpó ṣíìpù sí Plain text. Wọ́n ní kí n máa ka bí Bingo ṣe ń mí, torí ọkàn rẹ̀. Ibo ni ìyẹn máa wà? Àti pé ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí áàpù.

DókítàẸran:

Abala tirẹ̀, òpó mẹ́rin: déètì, aago, iye, àkíyèsí. Ẹ kà á nígbà tó bá ti sùn wọra, kì í ṣe nígbà tó ń lálàá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jà. Kí àyà gòkè kó sì sọ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ó yẹ kó wà lábẹ́ 30 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú oorun, tí ẹ tún un kà tí kò sọ̀, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Bí ikọ́ tàbí gìrì bá wà, fídíò ni kí ẹ yà, kí ẹ sì kọ iye ìṣẹ́jú tí gìrì náà gbà sínú orúkọ fáìlì. Gìrì tó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ fi fídíò sílẹ̀, ẹ gbé ajá lọ sílé ìwòsàn.

OníKẹ́nẹ́lì:

Áàpù dára fún ìránnilétí, àmọ́ kí ẹ tó tẹ ohunkóhun sínú rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ «Export» sí. Bí kò bá lè kó gbogbo rẹ̀ jáde sí CSV (fáìlì tí spreadsheet lè ṣí) tàbí PDF, ẹ fi í sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti áàpù náà pa, ìtàn ajá yín bá a lọ nìyẹn. Kàlẹ́ńdà orí fóònù tó fún ìránnilétí: ìkìlọ̀ méjì, ọjọ́ 14 ṣáájú kí ẹ lè gba àyè lọ́dọ̀ dókítà, àti ọjọ́ 2 ṣáájú. Oògùn oṣooṣù, ẹ má ṣe máàkì rẹ̀ títí ẹ ó fi rí i pé ajá gbé e mì.

Atòwé:

Kí n fi èyí kún un. Kí ẹ̀dà mẹ́ta wà, sórí oríṣi ibi méjì, kí ọ̀kan má sí nínú ilé. Kí fóònù àti Drive máa gba nǹkan lọ́wọ́ ara wọn kì í ṣe ẹ̀dà méjì: ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lórí fóònù, á pa rẹ́ níbẹ̀ náà, ọjọ́ 30 péré ni àpótí ìdọ̀tí Drive sì ń gbé e dúró. Ẹ máa kó o sórí flash tàbí hard disk lóṣooṣù.

Ẹ ṣe ojú ewé kan ṣoṣo fún ajá kọ̀ọ̀kan, PDF, kí ẹ gbé e sínú fóònù gan-an kó lè ṣí níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí: fọ́tò rẹ̀, ọjọ́ ìbí, ìwọ̀n tó kẹ́yìn pẹ̀lú déètì, nọ́ńbà ṣíìpù, àìsàn tó ní, oògùn tó ń mu, ohun tí kò bá a lára mu, ọjọ́ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Bí ẹ bá ń fi líǹkì fóldà ránṣẹ́ sí dókítà, «Viewer» ni kí ẹ fún un, kó lè wò ó láìlè yí nǹkan padà. Ẹ má gbé nọ́ńbà ṣíìpù sójú ìta, torí ẹlòmíì lè fi sọ pé òun ló ni ajá.

AjáMéjì:

Ó yé mi. Ìwé tí mo bá ti scan tán, ṣé mo lè sọ ọ́ nù?

Atòwé:

Rìsíìtì àti èsì àyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé ẹ̀rí dìgbòlugi tó ní òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lù, páásípọ́ọ̀tù ajá, ìwé ṣíìpù, èsì 0.5 IU/ml yẹn: rárá, wọ́n lè béèrè ojúlówó rẹ̀. Àwọn tó kù, ẹ kọ́kọ́ ṣí fáìlì wọn lórí ẹ̀rọ mìíràn tó yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fi scan wọn, ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn, kí ẹ tó ya ìwé.